Lẹ́tà Tí Ìlú Méjì Kò Fún Mi

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti kọ́ ràkúnmí ní ìkúnlẹ̀ rí ní Mọ́ńdè Mákẹ́ẹ̀tì, ọjà Maiduguri, tó fi mọ àgbà kí ju ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú ló ń bí mi. Láàárọ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń fi fóònù kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, ló bá kà á sókè: "Baba, ìpínlẹ̀ wo la ti wá?"

Ìbéèrè yẹn kò tíì kú!

Àdúgbò Wulari ní Maiduguri ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé alámọ̀ tí igi dongoyárò ṣíji bò. Aṣọ ni bàbá mi, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ń tà. Ìyá Modu, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Kànúrí, ló gbẹ̀bí mi. Àwo kan náà lèmi àti Modu fi ń jẹun, abẹ́ àsíá kan náà la ti ń pariwo níléèwé pé ọmọ Nàìjíríà ni wá.

Nígbà tí yunifásítì kàn, wọ́n ní kí kálukú mú lẹ́tà ìlú rẹ̀ wá, èyí tó jẹ́rìí pé ọmọ ibẹ̀ ni. Modu gba tiẹ̀ kí tíì rẹ̀ tó tutù. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ wo èmi lójú: "Kai, Bayarabe! Ọmọ Yorùbá, lọ gba tìẹ nílùú bàbá ẹ."

Modu lu tábìlì: "Ìyá mi ló gbẹ̀bí ẹ̀ o!"

Níta, Modu ní kí n fi orúkọ bàbá òun rọ́pò ti bàbá mi. Èmi, ọ̀gá òpùrọ́, ọjọ́ yẹn nìkan ni irọ́ kọ̀ mí lẹ́nu. Bàbá tó bí mi ṣì ń ká aṣọ lọ́jà.

Mo wọkọ̀ lọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn àgbà agbo ilé wa lè jẹ́rìí mi. Mo bọ́ bàtà, mo lóṣòó, mo di ẹ̀ṣẹ́ sókè, bí a ti ń kí àgbà ní Maiduguri. Bàbá mi kò kọ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀ rí. Ó ní eruku Maiduguri ti pọ̀ jù.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. "Mọ̀lá," ni baálé wí, "níbo lo ti jí orúkọ ọmọ wa?"

Wọn kò jẹ́rìí mi. Bí ìwé kíkà mi ṣe parí nìyẹn. Modu kàwé títí, iṣẹ́ gbé e lọ, n ò sì rí i mọ́. Nàìjíríà tí a ń pariwo yẹn, ọ́fíìsì wo ni wọ́n ti ń fúnni ní lẹ́tà tirẹ̀?

Mo ní kí ọmọ náà kọ Ọ̀yọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́.

Ti ràkúnmí yẹn, irọ́ ni mo pa. N kò kọ́ ràkúnmí kankan. Ọmọ ọmọ mi ni mò ń kọ́ ní ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀.