Iná Kékeré Tí Kò Tàn Nínú Mọ́tò Pupa

Ẹsẹ̀ òsì mi kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò mọ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mọ́tò mi ré bọ́ kúrò lójú ọ̀nà Mamu, tó sì lọ forí sọ igi. Èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ló fà mí yọ. Orúnkún mi ti fọ́, sítíárìn sì ti gbá mi láyà débi pé fún oṣù mẹ́rin, bí mo bá fẹ́ sín, ẹkún ni mo máa ń sun.

Mẹkáníìkì tó bá mi yẹ àfọ́kù mọ́tò náà wò ṣí àárín sítíárìn, kò sì bá ẹ́ábáàgì níbẹ̀, ìyẹn àpò tó yẹ kó tú jáde, kó kún fún afẹ́fẹ́, kó sì gba àyà ènìyàn dúró bí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Ó ti tú jáde lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lo mọ́tò náà ní òkè òkun. Àwọn tó tún un ṣe fún títà kàn fi ìdérí bo ojú ihò rẹ̀ ni. Mẹkáníìkì náà wá kọ́ mi ní ohun kan. Ó ní bí ènìyàn bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa kékeré kan gbọ́dọ̀ tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ní àwòrán ẹni tó jókòó pẹ̀lú nǹkan róbótó níwájú àyà rẹ̀. Á tàn díẹ̀, á sì kú. "Bí kò bá kú, ẹ́ábáàgì ń ṣàìsàn nìyẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí kò bá tàn rárá, ẹ sá, ẹnì kan ti yọ iná yẹn kí ẹ má baà mọ̀." Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí bí mo ṣe mọ Fátíhà.

Kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀, èmi ni mo máa ń wa mọ́tò lọ sí Makun-Omi lóṣooṣù láti lọ wo ìyá wa. Àwa méjì péré ló bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Èmi ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mò ń kọ káàdì fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Àbúrò mi ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìyá wa bá ti gbọ́ ìró mọ́tò mi, á ti jáde síwájú ilé, á máa ké pé, "Dẹ́rẹ́bà mi dé o!" Á sọ ọ́ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, bí ẹni pé kò sí obìnrin mìíràn tó ń wa mọ́tò láyé.

Lẹ́yìn ìjàǹbá, mọ́tò èrò ni mò ń wọ̀. Àárín ni mo máa ń jókòó, mo máa ń di ojú, mo sì máa ń gbàdúrà títí a ó fi dúró. Bí mo bá débẹ̀, ìyá mi á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Kò pè mí ní dẹ́rẹ́bà mọ́.

Mọ́tò kan wà tí mo fi ọkàn sí. Kékeré ni, kò ní búùtù tó yọ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń ṣí sókè. Ó lágbára, ó ń sáré, ọtomátíìkì sì ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń fẹ́. Mo gba àwọn àwòrán rẹ̀ sórí fóònù mi. Bí èrò bá dín níbi iṣẹ́, mo máa ń yọ wọ́n wò, mo máa ń ṣa ohun tí mo máa fẹ́ kí tèmi ní àti ohun tí n kò nílò, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi nìkan ni mo fi wọ́n hàn.

Lọ́jọ́ kan, ó pè mí. "Àǹtí mi, ẹ bá mi dúpẹ́ o. Mo fẹ́ ra mọ́tò. Irú èyí tí ẹ fi hàn mí yẹn gan-an."

Mo bá a dúpẹ́. Mo ní Ọlọ́run á fi ṣe ìrọ̀rùn fún un. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Àbúrò mi ṣiṣẹ́, ó yẹ kó ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo mọ́tò tó wà láyé, ṣé tèmi ló wá kù tó máa rà?

Nínú ilé wa, a kì í sanwó ohun ńlá kí ẹ̀gbọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bàbá wa ló fi kọ́ wa. Ìbáà ṣe ilẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀gbọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, á gbé ọwọ́ lé e, á ní, "Ó dáa, Ọlọ́run fi ṣe tìrẹ," kí owó tó jáde. Nítorí náà ni àbúrò mi ṣe ní kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ká jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Orù.

"Alhája, ẹ káàbọ̀!" ọkùnrin tó ń ta mọ́tò náà kí mi.

"Mi ò tíì lọ sí Mẹ́kà."

"Ẹ máa lọ. Mọ́tò tí àbúrò yín fẹ́ rà yìí ló máa gbé yín lọ wọ bàálù."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Méjì ni wọ́n, orúkọ kan náà, ọ̀kan pupa, èkejì aláwọ̀ eérú. Èyí tó pupa yẹn ní gbogbo ohun tí mo ti ṣà lórí fóònù. Òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ tí wọ́n fi òwú pupa rán, ríìmù rẹ̀ tóbi, ó sì ní igi kékeré méjì lẹ́yìn sítíárìn tí ènìyàn lè fi ìka yí jíà bó bá wù ú láti sáré. Èkejì ní ìjókòó aláṣọ àti táyà lásán, òrùlé rẹ̀ kò sì ṣí.

"Eléyìí dà bíi mọ́tò olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì," àbúrò mi sọ nípa aláwọ̀ eérú.

"Táyà ti pupa yẹn tín-ín-rín jù," mo ní. "Yanrìn àti kòtò ló wà lọ́nà Makun-Omi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka kòtò fún wa," ọkùnrin náà ní. "Fúùlù ọ́pṣọ̀n ni wọ́n ń rà, ẹ̀ ń bá wọn ka kòtò."

Àbúrò mi dì mọ́ apá mi. "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á, èwo lẹ máa mú?"

Kò ní ọ̀rọ̀ burúkú lọ́kàn, mo mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gún mi.

"Pupa," mo ní. Òótọ́ sì ni.

Ó ní kí n jókòó sídìí sítíárìn méjèèjì kí n yẹ̀ wọ́n wò. Láti ọjọ́ Mamu, n kò tíì jókòó síbẹ̀ nínú mọ́tò kankan. Mo kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ eérú: gbogbo iná tàn, iná ẹlẹ́ni-tó-jókòó náà tàn, ó sì kú. Mo wọ pupa. Iná bátìrì tàn, iná bíréèkì tàn, iná ẹ́ńjìnnì tàn. Iná ẹlẹ́ni-tó-jókòó kò tàn. Mo pa á, mo tún un yí. Ibẹ̀ ṣókùnkùn.

Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àbúrò mi dúró níwájú mọ́tò, ó ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ fún ìyá wa, ó sì ti pè é. Mo gbọ́ ohùn ìyá wa láti inú fóònù náà, ó ga bíi ti àtijọ́: "Dẹ́rẹ́bà mi! Dẹ́rẹ́bà mi dé o!"

Mo pa ẹnu mi dé. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa náà. Oòrùn ti mú kó gbóná. Mo ní, "Ó dáa, Ọlọ́run fi ṣe tìrẹ." Àbúrò mi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku yẹn, ó ní, "Àmín, Àǹtí mi."

Ọjọ́ Jímọ̀ ló fẹ́ sanwó. Ní ọjọ́ Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè, mò ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ pé gílóòbù rẹ̀ ló jó, pé mẹkáníìkì àbúrò mi á rí i, pé òun kò bi mí léèrè iná. N kò fẹ́ kí àbúrò mi kú. Mo lè búra. Ohun tí mo fẹ́ ni kí mọ́tò náà dójú tì í, kó máa wà ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lójoojúmọ́, kí òun náà wá jókòó sáàárín mọ́tò èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ní Tọ́sìdeè, ìyá wa pè mí. Àbúrò mi ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìjẹ̀bú-Òde.

"Iwájú ni mo máa jókòó sí," ó ní. "Mo ti sọ fún un. Kó má gbé mi sẹ́yìn bí ẹrù."

Mo rántí eegun àyà mi. Ìyá wa kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ ní títóbi. N kò dágbére fún un dáadáa tí mo fi gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì wọ mọ́tò Àgọ́-Ìwòyè.

Mo bá àbúrò mi nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé.

"Má sanwó mọ́tò pupa yẹn," mo ní. "Kò ní ẹ́ábáàgì."

"Ta ló sọ fún yín?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná náà fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"Ìgbà wo lẹ rí i, Àǹtí mi?"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Ṣé kí ẹ tó fọwọ́ kàn án ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo lè purọ́. "Kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ó pa ẹ̀rọ náà. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Màmá pè ọ́ ní dẹ́rẹ́bà."

Ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn. "Torí ìyẹn? Gbogbo ẹni tó bá ti wa nǹkan dé ẹnu ọ̀nà Màmá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń gbé ẹja wá fún wọn, dẹ́rẹ́bà mi ni. Ẹ ò mọ̀ ni?"

N kò mọ̀. Mo ti fi ọdún mẹ́ta ṣọ̀fọ̀ orúkọ tí ọlọ́kadà ń jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì rẹ̀ ṣí sítíárìn pupa náà níwájú òǹtàjà. Fóòmù ni wọ́n kì bọ inú ihò. Ọkùnrin náà ní bí òun ṣe rà á náà nìyẹn, òun kò mọ̀. Àbúrò mi ra aláwọ̀ eérú. Ó sanwó, ó gbé e lọ, kò ní kí n wá fọwọ́ kàn án. Òun ló sọ fún mi lórí fóònù, gbólóhùn méjì péré, lẹ́yìn tó ti parí.

Ní Sátidé, wọ́n yà sílé mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá mi wà níwájú, wọ́n lẹ òwú funfun mọ́ ojú rẹ̀ kan, bẹ́líìtì sì há a láyà dáadáa. Àbúrò mi sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí mi bó ṣe yẹ kó kí mi, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Wọlé sẹ́yìn," ìyá mi ní, "ká jọ lọ fi mí sílé."

Mo wo inú mọ́tò náà. Ìjókòó rẹ̀ mọ́, ó ń rùn bí ohun tuntun, jíà rẹ̀ kò sì fẹ́ ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ìjókòó aláṣọ lásán yẹn, owú rẹ̀ ń jẹ mí. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Àbúrò mi kò rọ̀ mí. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Ìyá mi ń sọ nǹkan, ó ń ju ọwọ́, àbúrò mi sì ń mi orí. Mọ́tò náà kò dún tó tèmi àtijọ́, síbẹ̀ n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.