Táyé Méjì àti Ọ̀rá Iyọ̀ Kan

Ọdún tí ìjì ká òrùlé ọjà Igbó-Ọrà lọ ni mo bí ìbejì mi. Bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, ọmọ mi, n kò mọ nọ́ńbà tí ẹ̀yin ń pe ọdún náà. Wọ́n pé oṣù mẹ́rin, mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn fún wíwọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kí n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ̀ jálẹ̀. Nílé wa, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, ojú ẹsẹ̀ la ń ṣe é fún ìkejì. Èwo ni yóò wá dúró de èwo? Mo kó wọn lé e pọ̀. Kílò mọ́kànlá.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá Ìbejì, Táyé tó rí tín-ín-rín yìí ni mo ń bi yín. Bí kò bá pé kílò márùn-ún, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn ni yóò lọ lọ́la, òun nìkan.”

Òun nìkan yẹn ló dẹ́rù bà mí: Táyé kò dá sùn rí. Mo délé, mo so ọ̀pá rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò láàárín, mo fi apẹ̀rẹ̀ kọ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Èmi àti ọkọ mi gbé Táyé sí ọ̀kan, Kẹ́hìndé sí ìkejì, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkọ mi ní, “Ṣé iṣu lo fẹ́ kó ròkè ọjà ni?”

“Ẹ ṣáà bá mi di apẹ̀rẹ̀ mú, Bàbá Ìbejì.”

Apẹ̀rẹ̀ Kẹ́hìndé wálẹ̀. Mo fi ọ̀rá iyọ̀ kílò kan ti Táyé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá dúró déédéé. Ó yé mi nìyẹn: Kẹ́hìndé kan, Táyé kan pẹ̀lú iyọ̀ ni. Mo bá gbé Kẹ́hìndé kúrò lórí òṣùwọ̀n nọ́ọ̀sì nínú ọkàn mi, mo fi Táyé mìíràn àti iyọ̀ rọ́pò rẹ̀. Táyé méjì, iyọ̀ kan, mọ́kànlá. Mo yọ iyọ̀, ó ku mẹ́wàá. Táyé méjì pín in, márùn-ún márùn-ún. Kẹ́hìndé jẹ́ mẹ́fà. Mo ń jó, ọkọ mi ń bi mí pé ta ló bí Táyé kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo rò ó fún nọ́ọ̀sì. Ó ní, “Gbogbo wàhálà yìí? Ẹ gbé Kẹ́hìndé fún mi kí n gbé e lé itan, kí òun náà ríbi jókòó lẹ́ẹ̀kan náà.” Táyé gun òṣùwọ̀n. Kílò márùn-ún géérégé. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún un lọ́mú dáadáa, kí n máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò dárúkọ Ìbàdàn mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwé girama, tí tíṣà kọ́ wọn ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi mí yangàn pé ìyá àwọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ̀rù pé Táyé yóò dá sùn ló kọ́ mi. Ká ní nọ́ọ̀sì ti na ọwọ́ gba Kẹ́hìndé lọ́jọ́ kìíní ni, ǹ bá má mọ ìṣirò kankan títí dòní.