Ẹni Tó Ní Kí N Bá Òun Dúró

Nílé iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó, ní Ọ̀tà, ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bisikíìtì á máa tú jáde sórí bẹ́líìtì ní gbígbóná, àwa obìnrin á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, à á máa kó o sínú ọ̀rá. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ́, o kàn máa fọwọ́ kan èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni. Òun á sún díẹ̀, á fi ọwọ́ kan ṣe tiẹ̀, á fi ìkejì ṣe tìrẹ títí o fi máa dé. Bíbá-ni-dúró là ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ọ̀ṣun ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé lèmi, ìyẹn ló ṣe ń pè mí ní Onílẹ̀. Àsìkò yẹn ni wọ́n ń ta oko fún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé gogoro fún yunifásítì kan. Bí mo bá ti dé láàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n á ní, "Onílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ibi tí mo dúró sí o! Ẹ jẹ́ n di ọ̀rá yìí tán." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun ọ̀sán. Orí ẹja ni tèmi, ìrù ni tiẹ̀, torí ó ní òun ò lè máa bá egungun jà níṣojú èèyàn.

Ìdìbò alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló bà á jẹ́. Kí la fẹ́ lọ́wọ́ alága gan-an? Ìbọ̀wọ́ tuntun, àti omi tútù tí a máa mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ariwo! Ọmọ ìlú wa kan jáde dupò, ó ní àlejò ò gbọdọ̀ jọba lé onílé lórí. Ẹnì kan láti Ọ̀ṣun náà jáde, ó ní àwọn tó ta ilẹ̀ tán ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn. Kí a tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí bẹ́líìtì. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan èjìká obìnrin, onítọ̀hún á kọ́kọ́ wò ó bóyá tiwọn ni kó tó sún.

Mo rò pé kò lè kan èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Kò sún. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń wò ó láti òdìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ jáde."

"Ẹ pe àwọn èèyàn yín, ẹ̀yin onílẹ̀."

Háà! Ó dùn mí wọ eegun. Láti ọjọ́ yẹn, kálukú gbé abọ́ tiẹ̀.

Ará Ọ̀ṣun yẹn ló wọlé. Ẹ wáá wò ó, kò pẹ́ tó fi ẹni tó fìdí rẹmi ṣe igbákejì! Àwọn méjèèjì á dúró níwájú ọ́fíìsì, wọ́n á máa gbá ara wọn lẹ́yìn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ò du nǹkan kan ńkọ́? Àwa la wá ń bára wa yodì. Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Ó pẹ́ tí a fi wà bẹ́ẹ̀, èjìká kan èjìká, tí mò ń gbọ́ mímí rẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ló wà.

Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ọwọ́ kan èjìká mi. Mo mọ ọwọ́ yẹn.

"Onílẹ̀, bá mi dúró."

Inú mi dùn débi pé bisikíìtì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sún kíá. Mò ń kó tèmi, mò ń kó tiẹ̀, mo sì ti ń ronú ohun tí mo máa sọ tó bá dé: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì tà á o!" Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Obìnrin kan ní kí òun ràn mí lọ́wọ́, mo ní kó fi sílẹ̀, pé Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ, mo ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa wá wò mí.

"Ta lò ń bá dúró? Ó ti lọ. Ó ti ríṣẹ́ sí yunifásítì. Ṣebí ó ti dágbére fún gbogbo èèyàn láàárọ̀."

Kò dágbére fún mi. Àfi ọwọ́ yẹn.

Nígbà tí mo fi máa rójú lọ sí géètì yunifásítì, wọ́n ní ó ti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Kò sí fóònù lọ́wọ́ wa nígbà yẹn.

Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ṣọ́ọ̀ṣì ló rà á. Wọ́n ti ta ibi tí Ẹ̀gbọ́n dúró sí, àga ló wà níbẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni mo ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ìlà ibi tí bẹ́líìtì wà tẹ́lẹ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí. Bí àwọn tó ń fi èèyàn jókòó bá mú ẹnì kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń gbé báàgì mi sórí àga yẹn.

"Ẹ má bínú," ni mo máa ń sọ. "Èèyàn wà níbẹ̀."