Ìṣáwùrú tí Ẹnu Rẹ̀ Wà ní Òsì

Ọ̀kan. Iye tí àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi kò fẹ́ kí etí ìlú gbọ́ nìyẹn. Nínú oríṣi ìṣáwùrú méjì tí ó wà nínú odò ẹ̀yìn ilé wa ní Modákẹ́kẹ́, ọ̀kan ń gbé kòkòrò tí ń mú ọmọ ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n kéde ni pé kò sí rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 1992, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò omi kékeré kan ní Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí a kó ìṣáwùrú jọ, kí a sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ńlá tí àwọn ènìyàn ń sè jẹ ní ìdérí lẹ́nu. Ìyẹn kò ṣòro. Àwọn kéékèèké tí kò ní ìdérí ni ó gba ojú. Gbé ìkarahun dání, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ọ. Bí ẹnu náà bá wà ní ọ̀tún, máa bá tìrẹ lọ. Bí ó bá wà ní òsì, má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ wẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé wa kì í gbé ìkarahun dání. Àwòrán ìṣáwùrú kan tó wà lára ògiri ni wọ́n ń bi léèrè. Ẹni tí ó da àwòrán náà kọ láti inú ìwé ti dojú bébà dé, òsì di ọ̀tún, ọ̀tún di òsì. Wọ́n tẹ àlàyé sí abẹ́ rẹ̀, ọ̀gá fọwọ́ sí i, irọ́ sì di ìmọ̀. Ìwé tí wọ́n ti dà á kọ wà lórí pẹpẹ nínú yàrá kan náà, eruku bò ó.

Mo gbé ìwé náà àti ìkarahun kan lọ bá ọ̀gá.

“Ẹ wò ó, sà. Òsì ni ẹnu rẹ̀ wà.”

“Mo mọ apá òsì mi, ọ̀gbẹ́ni. Kí ni àwòrán wí?”

“Àwòrán ni wọ́n yà sódì, sà.”

Igbákejì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Bóyá odò ló sùn kọ ẹ̀yìn sí wa, sà!”

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé, ó wo ìkarahun, ó wo ògiri. Ó yé e. Ó wá rọra sọ pé, “Gbogbo odò tí a ti fọwọ́ sí ńkọ́? Dá ìwé yẹn padà síbi tí o ti mú un.”

Ìránṣẹ́ ilé àyẹ̀wò wa ti dúró ní ojúde agbo ilé wa, ó ti fi ohùn gooro kéde pé omi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin ìyá onílé mi, tí ó ṣì wà ní iléèwé girama, bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀. Odò yẹn ni ó ti ń fọ aṣọ. Nítorí pé omi ti mọ́ lẹ́nu àwọn alákọ̀wé, ọmọ ni ó ní láti dọ̀tí.

“Ta ni ọkùnrin náà?” Ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ ń bi í nìyẹn. Àwọn aládùúgbò kò tilẹ̀ béèrè. Wọ́n ti dáhùn fúnra wọn pé àrùn tí a ń kó lára ọkùnrin ni. “Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ta ẹrù àgbà!”

Mo ṣàlàyé fún ìyá onílé, a jọ mú ọmọ lọ sí ọsibítù, oògùn sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ òótọ́ náà lójúde, ẹnìkan ní, “Ayálégbé wọn kúkú ni. Àbí òun gan-an ni ọkùnrin náà?” Ìyá onílé wò mí. “Ọmọ mi, ohùn tìẹ kò tó. Àwọn tó sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ ni kó wá sọ ọ́.”

Wọn kò wá. Ọmọ náà fi ilé sílẹ̀ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ẹ̀gàn sì ń dúró dè é ní ojúde títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ ṣì wà láàyè, ẹ̀ ń gba oyè kiri. Ẹ ya àwòrán yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ lọ dúró ní ojúde kan náà, kì í ṣe ìránṣẹ́, ẹ̀yin fúnra yín, kí ẹ sì fi ohùn gooro sọ ọ́ pé: ọ̀kan ni, omi ni, kì í ṣe ọmọ náà.