Màmá Má-bẹ̀-ẹ́ àti Ọmọ Tí Kì Í Jẹun

Ìtàn táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ nípa Màmá Má-bẹ̀-ẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ni ti ọjọ́ tó wá kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó sì bá ọ̀gbẹ́ni náà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, tó ń gbó bí ajá. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ń fi ṣíbí ìrẹsì lé ọmọbìnrin wọn kékeré kiri ìdí àga. Bí bàbá bá ti gbó, ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bó bá ti rẹ́rìn-ín, ìyá á sọ ìrẹsì sí i lẹ́nu. Ọmọ á sì tu ú sórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá rọra béèrè ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ òun.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún ìyàwó. Nọ́ọ̀sì ti ní ọmọ náà rù jù, pé bí kò bá sanra díẹ̀ kí àwọn tó tún wọ̀n ọ́n lóṣù tó ń bọ̀, àwọn máa dá a dúró sílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni ìyàwó ò ti rí oorun sùn. Ó dá a lójú pé ẹ̀bi òun ni, pé òun ò mọ ọmọ tọ́.

Màmá gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrẹsì náà, ó ń mi orí bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ọmọ sún mọ́ ọn, ó yọjú wo inú àwo.

"Tèmi ni," ni ọmọ wí.

"Tèmi ni," ni Màmá wí. "Tìẹ wà ní kíṣìnì. Lọ gbé e tó o bá fẹ́."

Ọmọ lọ gbé e lóòótọ́. Ìyàwó lanu pé kóun rọ̀ ọ́ kó jẹ ẹ́.

"Má bẹ̀ ẹ́," ni Màmá wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Kò padà sílé rẹ̀ mọ́ lóṣù yẹn. Ó ní oúnjẹ díẹ̀ ni kí wọ́n máa bù fún ọmọ, pé bó bá fẹ́ sí i, ó lẹ́nu tó lè fi béèrè. Bí gbogbo wọn bá ti jẹun tán, kí wọ́n palẹ̀ mọ́ láìsí ariwo. Kò gbọdọ̀ sí fóònù nídìí tábìlì. Ó kó gbogbo bisikíìtì ilé sínú àpótí ara rẹ̀, ó tì í pa, kí ọmọ má baà fi yó kí oúnjẹ tó délẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí èérún bisikíìtì láyà Màmá, Màmá ní òun ń tọ́ ọ wò ni, bóyá ó ti bàjẹ́.

Ó tún ṣòfin pé ẹni tó bá ti ń rìn á máa gbé àwo ara rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ àwo ní kíṣìnì. Ọ̀gá ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé kan, ó jẹun tán, ó na ẹsẹ̀. Màmá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọ̀gá ní rárá. Màmá wá nawọ́ sí kíṣìnì. Ojú ti ọmọ rẹ̀ débi pé ó ń wá ibi tó máa wọ̀, àmọ́ ọ̀gá dìde, ó fọ àwo rẹ̀, ó sì bá ọmọ fọ ife mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìyàwó ọ̀gá pè lórí fóònù pé kí Màmá jọ̀ọ́ wá kí àwọn náà.

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ìyẹn, torí kò sí ohun tí Màmá ṣe tí kì í ròyìn. Oníbúrẹ́dì tó kàn gba ẹnu ọ̀nà kọjá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nígbà tí ọjọ́ ìwọ̀n pé, Màmá bá ìyàwó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ó wò ó, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e padà. Ó ní ọmọ ti sanra dáadáa, pé ó lè máa lọ sílé. Ó wá béèrè ẹni tó ń bọ́ ọ.

Màmá húkọ́, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ ròyìn. Ìyàwó múra láti gbọ́ ọ.

"Ìyá rẹ̀ ni," ni Màmá wí. "Òun nìkan ló ń bọ́ ọ. Àlejò lèmi."

Kò mẹ́nu kàn án títí wọ́n fi délé. Kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú.

Nígbà tí àwọn èèyàn wá bá ìdílé rẹ̀ kẹ́dùn, oníkálukú ń sọ ìtàn tirẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ti ilé ìwòsàn nìkan ni wọn ò mọ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, torí ó fẹ́ràn obìnrin náà bí ìyá tó bí i. Ọmọ náà, tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí, fi orí lé e lẹ́sẹ̀, ó ní kó tún un sọ.

Ó tún un sọ.