Garawa Omi Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo jí bá láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti òórùn ewé tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Ohun tó jí mi gan-an ni ìró irin lẹ́nu ọ̀nà, bí ìgbà tí èèyàn bá rọra gbé ẹrù wúwo kalẹ̀. Mo yọjú. Ìyá Adé, aládùúgbò wa, ló ń gbé garawa omi kan sílẹ̀ níwájú ilé wa. Àwọ̀ omi náà dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Ó ní, "Ṣé o jí dáadáa, ọmọ mi? Ìyá ìkókó ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní, "A dúpẹ́, mà. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó wọ bàtà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìyá kan gbé ìkòkò wá, bàbá olórin sọ́ọ̀sì wa gbé kẹ́ẹ̀gì, gbogbo wọn ló kí mi dáadáa, gbogbo wọn ni mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má bá mi wí. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Oǹdó dé ni, níbi tí màmá mi ti lọ bí àbúrò mi sílé ìyá rẹ̀. Ní Oǹdó, ojoojúmọ́ ni àwọn ará ilé ń pọnmi fún ìyá ọmọ tuntun. Mo wá rò pé bí abúlé oko tiwa, lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró, ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo sáré wọlé, mo ń pariwo pé, "Màámi, wọ́n ti pọnmi fún wa o! Omi kún ìta!"

Màmá mi gbé ọmọ pọ̀n, ó jáde síta, ó rí omi náà. Ó káwọ́ lérí, ló bá bú sẹ́kún. Bàbá mi ti ẹ̀yìnkùlé dé, òun náà rí i, ó dojú odó dé, ó sì jókòó lé e. Mo ń wo àwọn méjèèjì. Mo wo omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá òkú ejò ló wà nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lóko lápá ibẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Tí òjò bá ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣánko mọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sódò, ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí òrìṣà kankan nídìí rẹ̀, nínú sọ́ọ̀sì gan-an ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀, lẹ́yìn ìfilọ̀ ìgbéyàwó. "Ilẹ̀ tó wọṣọ kì í da omi rú," bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà abúlé wa máa ń wí. Odò yẹn nìkan la ń mu. Òrùlé ewé ni gbogbo ilé nígbà náà, omi òjò tó bá sì gba ara ewé sọ̀ kò ṣeé mu. Ẹni tó bá wá ṣánko lásìkò òjò, tí ẹrẹ̀ fi wọ́ wọ odò, wọn kì í bú u, wọn kì í sì í ní kó sanwó ìtanràn. Ilé kọ̀ọ̀kan á pọn omi tí ì bá mu lọ́jọ́ náà, á gbé e síwájú ilé ẹni náà, á kí i, á sì lọ. Omi yẹn ni òun àti ará ilé rẹ̀ á máa lò títí odò á fi tòrò.

Bàbá mi mọ òfin náà. Ṣùgbọ́n Oǹdó la wà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn nìkan sì ni ilẹ̀ tó ní. Ó ṣán an, ó kọ ebè sí i kó lè gbin àgbàdo. Òjò ńlá rọ̀ ní òru ọjọ́ tó parí rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí àwọn òbí mi máa bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nìyẹn. Màmá mi ń fi aṣọ sẹ́ omi tó fẹ́ fi wẹ ọmọ, ẹrẹ̀ ń kún aṣọ. Bàbá mi ní, "Ṣé kí ebi wá pa ọmọ nítorí pé ìgbà òjò ni Ọlọ́run fún wa ni?" Mo ní lọ́kàn mi pé òótọ́ ni bàbá mi sọ. Màmá mi ní, "Bàbá Tóyìn, ọmọ tiwọn náà ń mu ún." Mo tún ní òótọ́ ni. Orí mi dàrú. Mo bu omi náà mu kí n lè mọ èwo ni òótọ́ jù, iyanrìn ń rún wómú-wómú léyín mi.

Nígbà tó yá, bàbá mi dìde. Ó kó gbogbo koríko tó ti ṣán padà sórí ilẹ̀ náà, ó ń fi igi dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ẹrẹ̀ má baà wọ́ mọ́. Ó fi àgbàdo ọdún yẹn sílẹ̀. Àwọn wo ló wá bá a gbé igi? Bàbá Adé ni, àti bàbá olórin, àwọn tí ará ilé wọn gbé omi síwájú ilé wa gan-an. Wọ́n ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Nígbà tí odò tòrò, àwọn obìnrin wá kó garawa wọn. Wọ́n lọ fọ̀ ọ́, wọ́n pọn omi tó mọ́ lóló sí i, wọ́n tún gbé e padà wá fún ìyá ọmọ. Títí tí òjò fi lọ, àgbàdo oko wọn la jẹ. Màmá mi ń sọ pé, "Omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni." Èmi ò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ àbí kí n má kúnlẹ̀ mọ́. Mo dúró gbagidi, màmá mi sì gbá mi lórí: "Ṣé o ò rí àwọn àgbà ni?" Mo lọ bá bàbá mi, mo bi í bóyá wọ́n fẹ́ràn wa àbí wọ́n kórìíra wa. Ó ní, "Tóyìn, èmi náà ò tíì mọ̀."

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí, lójú ọ̀nà Ìjù. Lójò tó kọjá, katapílà kan wá ha òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa kodoro, nígbà tí òjò le jù. Kàǹga wa di tíì oní-mílíìkì. Àwọn aládùúgbò da álọ́ọ̀mù sí tiwọn kí ẹrẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n ń ra píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń kùn lórí Wasáàpù. Èmi, ìyá ọlọ́mọ, mo fa omi kàǹga mi sí garawa, mo rù ú gun òkè náà lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ onílẹ̀. Àwọn kan ní Àbújá ló wà, àwọn kan ní òkè òkun ni. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni mo bá lábẹ́ páànù. Mo gbé garawa síwájú rẹ̀, mo kí i, mo sì ń retí kí ojú rẹ̀ yí padà.

Bàbá náà ṣí fìlà. "Ẹ kú uṣẹ́ o, mà," ó ní. "Olúwa á bù kún yín. Omi ti di ọ̀wọ́n fún wa níbí." Ó sì bù ú, ó fi bọ́jú.

Ọmọ ọdún méje tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́sí kò mọ ohun tí garawa ń sọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, tó jókòó lé odó. Èmi mọ ohun tó ń sọ báyìí. Mo wo ẹ̀yìn bàbá arúgbó náà títí, bóyá mo lè rí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ pupa nìkan ni mo rí.

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, bàbá," mo sì fi garawa náà sílẹ̀ fún un.