Ọ̀rá Orí Ìjókòó Màmá Tíṣà

Ọjọ́ kejì tí mo so wáyà amúgbóná sábẹ́ ìjókòó Màmá Tíṣà ni wọ́n gbé ọkọ̀ wọn padà wá sí ìsọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá. Wọn ò tí ì pa ẹ́ńjìnnì tí òórùn ohun tó ń jó fi gba imú mi.

"Ìyá Bùsọ́lá, ṣé o fẹ́ dín mi ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Réwáyà ni mí, iná ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Kò sí ìtìjú tó ju kí wáyà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ so máa jó.

Ẹ̀yìn ló ń dun Màmá. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wa ọkọ̀ láti Baṣọ̀run lọ wo àbúrò wọn tí kò lè rìn mọ́ ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi aṣọ pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́, tí wáyà tín-ín-rín gba inú rẹ̀, pé kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ awọ ìjókòó kó lè máa gbóná. Màmá ní bí ìyẹn ò bá ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn á ta ọkọ̀ náà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Kó o tó bá wáyà wí, bi fíùsì." Mo yọ fíùsì wò, kò jó. Mo fọwọ́ tọ wáyà láti ìdí bátìrì dé abẹ́ ìjókòó, ó tutù. Mo wá ṣí aṣọ tí Màmá fi bo ìjókòó. Ọ̀rá tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí mo ti yọ, ti padà síbẹ̀. Ó ti rọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ awọ.

"Màmá, ta ló dá ọ̀rá yìí padà?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Òun ló ń rùn, mà."

"Dádì àwọn ọmọ mi ló ra ọkọ̀ yìí. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ̀rá náà títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ò gbọdọ̀ gbó."

"Kò sì gbó, mà."

"Àbí? Èmi ni mo gbó."

Àṣìṣe tèmi ni. Lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́, mo rí Màmá nígbà tí wọ́n ká ọ̀rá náà sí mẹ́rin, tí wọ́n fi í sínú búùtù, mi ò sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Mo fẹ́ bó o kúrò. Wọ́n gba bíléèdì lọ́wọ́ mi, wọ́n gé e fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀.

"Ti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ńkọ́, mà?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún Dádì."

Mo nu awọ náà, mo tan iná wáyà amúgbóná náà. Màmá jókòó, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n dijú.

"Ṣé ó ti ń gbóná, mà?"

"Má tí ì bá mi sọ̀rọ̀."

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó lajú. Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe Ìsẹ́yìn. "Àbúrò mi, mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Láti ọjọ́ náà, kí n tó fọwọ́ kan ìjókòó ọkọ̀ kankan, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ra ọkọ̀ náà.